Ajá ọdẹ ni terrier, bó ti wù kó kéré tó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Manchester là ń gbé. Ọmọ mẹ́ta la bí, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 10, àti ìbejì tó jẹ́ ọmọ ọdún 6. Láti ọdún tó kọjá ni Táíwò ti ń sunkún ajá. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ń bẹ̀rù ajá; bó bá rí i lókèèrè, ẹ̀yìn mi ló máa sá sí. Ilé wa kò tóbi, ẹ̀yìnkùlé wa náà kéré. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ òru, èmi ń ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìṣẹ́yìn lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n máa lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa. Wọ́n máa ń kírun, wọn kò sì bá ajá gbé inú ilé rí. Mo rí ọmọ Yorkshire Terrier kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré débi pé inú ife ni wọ́n gbé e sí ya fọ́tò. Ẹni tó ń tà á ní òun máa gbé e pàdé wa lọ́jọ́ Sátidé níbi ìgbọ́kọ̀sí kan. Ṣé kí n rà á? Bí a bá rà á, báwo la ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí ọjọ́ ti sún mọ́. Ẹ pe ẹni náà lórí fóònù, ẹ ní ilé rẹ̀ lẹ fẹ́ wá, kí ẹ lè rí ìyá tó bí ọmọ ajá náà níbi tó ti ń fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Bó bá ní ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, tàbí pé ilé òun jìn, òun kò fẹ́ kó yín ṣe wàhálà, ẹ dúpẹ́, kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

Ní England, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin kò gba alágbàtà láyè mọ́ láti ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọwọ́ ẹni tí ajá rẹ̀ bímọ gan-an lẹ ti lè rà á, tàbí kí ẹ gbà á níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ajá aláìnílé. Òfin Lucy ni wọ́n ń pè é. Lucy yìí, abo ajá Cavalier ni, wọ́n gbà á sílẹ̀ lọ́dún 2013 níbi kan ní Wales tí wọ́n ti ń fi ajá bímọ tà láìsinmi. Níbi tí wọ́n há a mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ láìfepobọyọ̀. Tọkọtaya kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, gbé ọmọ ajá kan wá bá mi ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n ti rà á, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ayédèrú ni. Nígbà tó fi máa di Sọ́ńdè, ó ti ń bì, ìgbẹ́ rẹ̀ ti di omi ẹlẹ́jẹ̀. Àrùn parvo ni, èyí tó ń ba ìfun ọmọ ajá jẹ́. Ẹni tó bá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́rin la fi fa omi sí i lára, à ń fi aṣọ gbígbóná wé e tọ̀sán-tòru. Ó kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún 7, ti fún un lórúkọ, ó sì ti ya àwòrán rẹ̀ wá fún wa pé ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àgò rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí Táíwò rí irú ẹ̀.

Ti inú ife yẹn náà, kò sí ìran ajá kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó kéré jù nínú àwọn tí ìyá kan bí ni wọ́n ń mú, nígbà mìíràn wọ́n á fi méjì tó kéré bẹ́ẹ̀ bí òmíràn, wọ́n á wá fowó lé e. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ kò bá jẹun fún wákàtí díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á sì dákú. Egungun apá rẹ̀ tín-ín-rín débi pé bó bá fò sílẹ̀ láti orí àga, ó lè kán.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí terrier jẹ́ gan-an. Ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí ilẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá, torí ajá tó ń wọ inú ilẹ̀ lọ bá ẹran ni. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ní England àti Scotland ló ń sìn wọ́n, kí wọ́n lè máa lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde nínú ihò, kí wọ́n sì máa pa eku nínú àká. Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n ní Ìmẹ̀kọ. Wọ́n ní ajá pupa kan tó máa ń so ṣaworo mọ́rùn. Bó bá dé ẹnu ihò òkété, á ki imú bọ̀ ọ́, á mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ara rẹ̀ á le gbagidi. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbẹ́lẹ̀ tí erùpẹ̀ á máa gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fò jáde. Ẹ lè máa pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, lẹ́yìnkùlé mi níbí, abo Border Terrier mi dúró lẹ́yìn ahéré tí mo ń kó irinṣẹ́ sí. Ó ki imú bọlẹ̀, ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ara rẹ̀ le gbagidi. Kò dé Ìmẹ̀kọ rí. Eku sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Nítorí náà, bí ajá yìí bá gbó nígbà tí ológbò aládùúgbò ń kọjá, tó hú òdòdó yín, tó sì sá tẹ̀lé ọ̀kẹ́rẹ́ bí ẹni tí etí rẹ̀ di, iṣẹ́ tí wọ́n bí i fún ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ terrier tí wọ́n dá padà síbi ìtọ́jú ajá aláìnílé, kékeré tí wọ́n kéré ni ẹni tó rà wọ́n wò, kò béèrè iṣẹ́ wọn.

Èwo ló wá bá ilé yín mu? Yorkshire Terrier, tí kì í bá ṣe ti inú ife, ajá gidi ni, ó sì láyà. Kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ yín tó ti ṣẹ̀. Àwọn ahunṣọ tó wá láti Scotland ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ ní Yorkshire àti Lancashire, ní nǹkan bí ọdún 170 sẹ́yìn, ló kó àwọn baba ńlá rẹ̀ wá. Huddersfield Ben, ajá kan tí wọ́n bí lọ́dún 1865 tó sì kú lọ́dún 1871, ni wọ́n kà sí baba gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó wúwo ju kílò 3.2 lọ. Ọmọ ọdún 6 lè gbé e, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ohun tí ọmọdé bá lè gbé, á gbé e, bó pẹ́ bó yá á já a sílẹ̀. Àwọn Yorkshire tí mo ti to egungun apá wọn nítorí pé wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kò lóǹkà. Eyín rẹ̀ tún máa ń tètè bàjẹ́, ojoojúmọ́ sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ya irun rẹ̀. Ilé tí kò sí ọmọ kékeré ló yẹ ẹ́.

Jack Russell ńkọ́? Orúkọ àlùfáà kan ní Devon ni wọ́n fi pè é, John Russell, tí wọ́n bí lọ́dún 1795, tó sì kú lọ́dún 1883. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Oxford lọ́dún 1819 tó fi ra abo ajá tó ń jẹ́ Trump, ọ̀dọ̀ ìyẹn ni ìran náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Ọpọlọ wọn mú, ara wọn kì í rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé yín ni bàbá ti ń sùn lọ́sàn-án. Jack Russell tí kò bá tíì rí iṣẹ́ ṣe, ohùn rẹ̀ ni yóò fi máa ṣiṣẹ́. West Highland White, funfun gbòò, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ara yíyún ń bá púpọ̀ nínú wọn jà títí ayé wọn.

Border Terrier ni mo máa ní kí ẹ wá. Ààlà England àti Scotland ni wọ́n ti ń sìn ín, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ìran ajá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kà á mọ́ àwọn ìran ajá lọ́dún 1920. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ fẹ́ ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó láti sá tẹ̀lé ẹṣin, síbẹ̀ tí àyà rẹ̀ á lè wọ ihò kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Títí di òní, adájọ́ níbi ìdíje ajá á fi ọwọ́ méjèèjì yí àyà rẹ̀ po lẹ́yìn èjìká, kó fi mọ̀ bóyá ó gba ihò. Akọ rẹ̀ ń wúwo tó kílò 6 sí 7, abo rẹ̀ tó nǹkan bíi 5 sí 6.4. Ìwọ̀n yẹn pọ̀ jù fún ìbejì láti máa gbé kiri, kò sì pọ̀ jù fún yín láti gbé sábẹ́ apá wọ bọ́ọ̀sì. Àárín ọ̀wọ́ ajá ọdẹ mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́, oníjà kò lè pẹ́ níbẹ̀. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ terrier lọ. Irun rẹ̀ le bíi kànìnkànìn tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, ẹrẹ̀ á gbẹ lórí rẹ̀, á sì gbọ̀n án dànù. Ọdún 12 sí 15 ló máa ń lò láyé. Ẹ ro ìyẹn dáadáa: Táíwò á ti jáde ilé ìwé girama, ajá yìí á ṣì wà nílé. Ẹ̀yin àti bàbá wọn lẹ ni ín.

Òun náà ní àrùn tiẹ̀. Àwọn Border kan máa ń ṣàdédé gan: ẹsẹ̀ á le, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kì í dákú bíi ti wárápá, á ṣì máa wò yín lójú. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé gluten inú àlìkámà àti bálì ló ń fà á lára púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá sì yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ, ara wọn á padà bọ̀ sípò. Òmíràn wà tó ń mú ọmọ ajá gbọ̀n láti kékeré. Àyẹ̀wò DNA lè fi hàn bóyá ìyá àti bàbá ń gbé e kiri. Ẹ béèrè méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tí ajá rẹ̀ bímọ. Olóòótọ́ á kó ìwé àyẹ̀wò sílẹ̀ fún yín, á sì máa bi yín léèrè padà: ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án, báwo ni ògiri ẹ̀yìnkùlé yín ṣe ga tó. Ẹni tí kò bá bi yín ní nǹkan kan, ẹ fura sí i.

Bí ẹ bá débẹ̀, ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣé ó ń wá bá yín, àbí ó ń fara ṣọ́ ògiri? Ṣé ọmú rẹ̀ fi hàn pé ó ń fọ́mọ lọ́mú? Ìwà ìyá ni ọmọ máa ń jọ ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Kí ẹ tó mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Èyí tó ń gun gbogbo àwọn yòókù lórí, tó ń fi eyín fa aṣọ yín, kì í ṣe ti ilé tí Kẹ́hìndé wà. Èyí tó fara pamọ́ sí igun náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ mú èyí tó wá gbóòórùn ọwọ́ yín, tó padà lọ ṣeré, tó tún wá. Kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, microchip, nǹkan ìdánimọ̀ bíńtín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, sì gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ lórúkọ ẹni tí ajá rẹ̀ bímọ kí ẹ tó gbé e lọ.

Ọ̀nà kejì wà tí èmi fẹ́ràn jù fún ilé yín: Border tó ti pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, láti ibi ìtọ́jú ajá aláìnílé. Ìwà rẹ̀ ti hàn, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ti bá ọmọdé gbé rí. Eyín ọmọ ajá mú bí abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ tó ń sáré ló sì máa ń lé. Fún ọmọ tó ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn lè le.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti ìyá àgbà. Wọn ò ṣàṣejù bí ara wọn bá ń sá fún ajá. Nílé lọ́hùn-ún, dìgbòlugi ń pa ènìyàn títí di òní, kò sì sí nínú àwọn ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ẹ ṣàlàyé èyí fún wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kó má jẹ́ pé ajá ló máa kí wọn káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi géètì kékeré sí ẹnu àtẹ̀gùn, kí òkè ilé jẹ́ tiwọn, kí ajá má dé ibi tí ẹní ìkírun wọn wà. Ọ̀rọ̀ itọ́ ajá àti àlùwàlá, àáfà wọn ni kí wọ́n bi, ẹ má jẹ́ kí Táíwò bá wọn jiyàn lé e lórí.

Ohun tó wà nínú báàgì wọn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Obì ní kaféènì nínú, ó tún ní theobromine, èròjà tó wà nínú ṣokoléètì tí kò jẹ́ kó dára fún ajá. Awẹ́ mélòó kan lè mú kí ọkàn ajá kílò 6 máa sáré lódìlódì. Kí wọ́n fi obì wọn sínú agolo tó ní ìdérí, kí ó wà lókè. Ọbẹ̀ yín náà, ẹ má bù ú fún un: àlùbọ́sà, tútù ni tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n bíi tíì. Èso àjàrà àti àjàrà gbígbẹ tó wà nínú kéèkì Kérésì lè pa kíndìnrín rẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n fi xylitol, adùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà, ṣe, ẹyọ díẹ̀ tó láti dá a dùbúlẹ̀. Ìyẹ̀fun pọfu-pọ́ọ̀fù tí ẹ fi yíìsì pò, tí ẹ gbé sílẹ̀ kó wú, bó bá jẹ ẹ́, inú rẹ̀ ni yóò ti máa wú lọ, á sì di ọtí sí i lára. Egungun adìyẹ tí wọ́n ti sè máa ń fọ́ ṣọ́ńṣọ́, ó sì lè gún ìfun.

Bó bá ṣèèṣì jẹ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, ẹ sọ ohun tó jẹ àti bó ti pọ̀ tó. Ẹ má da epo pupa sí i lọ́fun. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe nílé nìyẹn, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n epo náà lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àìsàn kejì á wá bá àkọ́kọ́. Paracetamol àti ibuprofen, oògùn ènìyàn ni wọ́n, ẹ má fún un.

Oúnjẹ ajá tó pé, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó pé, ni kó máa jẹ: ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó di ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tó bá tó oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń sanra jù, ẹ na ọwọ́ yín kan, ẹ fi ìka ọwọ́ kejì pa ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Bí egungun ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn ṣe rí lábẹ́ ìka yín ló yẹ kí egungun ìhà rẹ̀ rí. Bí ẹ bá ní láti tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó rí egungun, ẹnì kan ń yọ́ ẹran fún un lábẹ́ tábìlì.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló jù lọ́kàn mi. Ẹ má fipá mú Kẹ́hìndé fọwọ́ kan ajá. Ẹ kọ́ ọ ní nǹkan kan ṣoṣo kí ajá tó dé: bí ajá bá sáré wá bá a, kó dúró bí igi, kó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kó máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọ tó ń sá, tó ń ké, ẹran ló jọ lójú terrier. Ẹ jọ máa fi ṣeré nínú pálọ̀, kí ẹ̀gbọ́n wọn máa ṣe ajá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ajá ti dé, bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́, kó jókòó, kó jẹ́ kí ajá wá bá a. Kó fọwọ́ pa á léjìká fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kó dáwọ́ dúró. Bí ajá bá fara tì í, ó ń béèrè sí i. Bó bá yí orí kúrò, tó lá ètè, tàbí tó yán láìsí oorun lójú rẹ̀, ó ti tó o nìyẹn. Kẹ́hìndé á máa ṣọ́ àmì wọ̀nyí ju Táíwò lọ, torí ẹni tó ń bẹ̀rù máa ń fojú sílẹ̀. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó wá di ẹni tí ajá ilé ń tẹ̀ lé kiri.

Táíwò ni kí ẹ ṣọ́, torí ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀. Òun ló máa fẹ́ dì mọ́ ajá lọ́rùn, òun ló máa fẹ́ jí i lójú oorun. Ibùsùn ajá, ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Abọ́ oúnjẹ rẹ̀, bákan náà. Ẹ má fi àwọn ọmọ àti ajá sílẹ̀ nínú yàrá kan láìsí àgbàlagbà, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú méjì tí ẹ fẹ́ fi ro ẹ̀bà. Bó bá kùn, ẹ má lù ú: kíkùn ni ìkìlọ̀ rẹ̀, ajá tí wọ́n bá sì lù nítorí pé ó kùn á kọ́ láti bù jẹ láìkìlọ̀.

Ọmọ ajá tó pé oṣù méjì kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra ju bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ gbé e jáde bó bá jí, bó bá jẹun tán, bó bá ṣeré tán, ẹ dúró tì í lójú òtútù, kí ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣe é síta. Ti pé kí wọ́n fi imú ajá gbo ìtọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dópin lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Ó dà bíi pé ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ń wà nílé yẹn kò tó. Ẹ wá ẹni tí yóò máa wò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá jáde, torí kò yẹ kó dá wà ju wákàtí mẹ́rin lọ, àní bó bá dàgbà, oorun bàbá wọn lọ́sàn-án kò sì ní jẹ́ kí wọ́n lè wò ó. Láàárín ìgbà tó dé àti ìgbà tó máa fi pé bí ọ̀sẹ̀ 14, ohun tó bá rí ni kò ní máa bẹ̀rù lọ́jọ́ iwájú: agbòjò, gèlè, agbádá tó ń fẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ìró odó ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kó rí gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bó bá dàgbà, rírìn wákàtí kan lójúmọ́, kò gbọ́dọ̀ dín. Ẹ ṣàyẹ̀wò ìdí ògiri ẹ̀yìnkùlé, torí abẹ́ ló máa gbà. Ní pápá, ẹ má tú okùn rẹ̀ títí tí yóò fi dá yín lójú pé ó ń dá yín lóhùn. Àwọn baba wa ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Bàbá bàbá mi kò jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀: láti kékeré, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ajá sílẹ̀, wọ́n á fọn fèrè. Ohun tí mo ń ṣe níbí náà nìyẹn, fèrè kékeré, ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ẹran sísè díẹ̀. Nínú pálọ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà pápá pẹ̀lú okùn gígùn. Ẹ má fọn ọ́ láti fi bá a wí láé. Níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ bá pọ̀ sí, kí okùn ṣì wà lára rẹ̀, bó ti wù kó gbọ́ràn tó.

Irun rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá a. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n máa ń fa irun tó ti kú yọ, pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka kejì, bí ẹni ń já ewé ẹ̀fọ́ lára igi rẹ̀. Bí irun bá ti gbó, fífà á kì í dun ajá. Tèmi máa ń sùn lọ lórí itan mi. Irun tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fá á di rírọ̀, òjò á sì máa wọ̀ ọ́ lára. Eyín rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ eyín ti ajá fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Ti abẹ́rẹ́, méjì ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ, dókítà tó wà nítòsí yín á sọ ọjọ́ èkejì. Ẹ béèrè oògùn aràn pẹ̀lú, kí ẹ sì dárúkọ aràn ẹ̀dọ̀fóró tí ajá ń kó lára ìgbín inú ọgbà, torí kì í ṣe gbogbo oògùn aràn ló ń pa á. Ẹ máa ṣa ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, aràn inú rẹ̀ lè ṣe ojú ọmọ ní jàǹbá. Bí ẹ bá ń rò pé ẹ máa gbé e lọ sí Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi pọn dandan, kó tó padà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì lè ní láti dúró fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn.

Ó ku orúkọ. Láyé àtijọ́, òwe ni àwọn baba wa fi ń sọ ajá lórúkọ, kí aládùúgbò tó bá gbọ́ lè mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Tanímọ̀la ni tèmi ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ní pápá, Mọ̀la ni mò ń pè é, torí orúkọ kúkúrú ni etí ajá máa ń tètè mú. Ẹ wá èyí tó jẹ́ ìró méjì péré, tí kò jọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé ló mú un wá, kó sì jẹ́ òun ló máa kọ́kọ́ fi pè é, láti orí àtẹ̀gùn, lẹ́yìn géètì, pẹ̀lú ẹran sísè díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.